Arámidé: Ta Ni Ará Wa?

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láàárín ìjọ wa. Àwọn kan ń sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ìsìn, àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Orúkọ ọmọdébìnrin kan ni ó fà á. A kà á sí etí ìjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí a ṣe ìsàmì fún ọmọ-ọwọ́ márùn-ún, a sì ṣì í kà. Nítorí náà, kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa, àwa tí ìwé ìsàmì wà ní ìkáwọ́ wa.

Arámidé ni orúkọ ọmọ náà. Lórí pébà tí bàbá rẹ̀ mú wá, lẹ́tà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kò sí àmì ohùn kankan, àwa pẹ̀lú kò sì béèrè. Nígbà tí ó kan ọmọ náà, a pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé àrá tí ń sán lójú ọ̀run ni a ń wí. Òjò sì ti ń ṣú bọ̀ láti orí òkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ti rẹ́rìn-ín tó. Ìyá ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí èdè wa ti rí. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni a, r àti a, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti yí padà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó di. Ara ni èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí ó sì ń ro wá ní alẹ́. Àrà ni ohun ìyanu, tàbí ọgbọ́n tuntun tí ènìyàn dá. Àrá ni ti òjò. Ará sì ni ẹni tiwa, ẹni tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ti ibì kan. Ọmọ tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsí àmì, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà níwájú ẹni tí yóò kà á, àwa sì mú èyí tí ó burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí àwọn òbí rẹ̀ wí ni pé ẹni tiwa ti dé.

Lẹ́yìn ìsìn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wa kan, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti jẹ nínú ọ̀lẹ̀lẹ̀ wọn, wí pé láti ìgbà tí àwọn ti dé ìlú yìí, àwọn kò tíì gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. "Ibo ni Olúwa wà nínú rẹ̀? Ibo ni Adé wà, ibo ni Ọlá wà? Ará wo ni ó dé, ará oko ni àbí ará ọ̀run?" Arákùnrin wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Màmá, orúkọ ìgbàlódé ni. Ó dùn létí." Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé nítorí pé ó dùn létí ni a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ?"

A rò pé ìbéèrè Màmá dára ju ìdáhùn tí a fún wọn lọ, ìdí sì nìyí tí a fi ń kọ ìwé yìí.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo wa ni ó mọ òwe náà, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa léèrè ohun tí a ń wò nínú ilé náà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, pín orúkọ wa sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Àmútọ̀runwá, ọmọ ni ó mú un wá, kò sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Ìbejì ni ìbejì ń jẹ́. Oríkì ni a fi ń kẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n àbísọ ni èyí tí ilé ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà, ìròyìn ni ó jẹ́ fún un: ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ilé ní ọ̀sẹ̀ tí a bí ọmọ. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹni tí ọ̀tá ń yọ lẹ́nu, ẹni tí ó ti ń retí ọmọ fún ọdún méwàá, orúkọ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀ kí ó tó fi ẹnu sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu ìrìn àjò. Abíọ́nà ni ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà. Bídèmí ni ọmọ tí a bí nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Tòkunbọ̀ ni ẹni tí ó ti òkè òkun wá. (Ó ṣe wá láàánú pé orúkọ yìí ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń ta mọ́tò àlòkù àti fìríìjì àlòkù. A mọ Tòkunbọ̀ kan tí kì í fẹ́ kí a pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ìsọ̀ àwọn onímọ́tò.) Lẹ́yìn wọn ni Bámidélé, èyí tí ó kan ìlú yìí jù.

Ẹ ṣí ìwé ìsàmì wa àtijọ́, ẹ ó rí i pé Bámidélé pọ̀ nínú rẹ̀ bí yanrìn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ kùsà àti òwò tí ó tẹ̀lé e ni ó fa àwọn bàbá wa wá sí orí òkè yìí. Rélùwéè kékeré tí ó ti Zaria wá dé Bukuru ní 1914. Èyí tí ó gba Kafanchan wọ Jos dé ní 1927. Àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà bá a wá, àwọn kan gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, àwọn kan pẹ̀lú ẹrù aṣọ ní orí. Àwọn kan nínú wọn gba yàrá ní ibi tí àwọn Hausa ń pè ní Gangare, èyí tí ó túmọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í na ẹsẹ̀ tán. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n pè é, tàbí ọdún márùn-ún, kí owó ilé kíkọ́ ṣáà pé. Nígbà tí ọmọ bá dé sí wọn lọ́wọ́ ní àjò báyìí, wọ́n á wò ó, wọ́n á sọ ọ́ ní Bámidélé: ìwọ ọmọ yìí, bá mi dé ilé. Àdúrà ni, àṣẹ sì ni pẹ̀lú. Ó ń sọ fún ọmọ náà ní ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ láyé pé ibi tí ó ti la ojú yìí kì í ṣe ilé. Àjò kò dùn kí onílé má relé.

Bámidélé ni orúkọ bàbá ọmọ tí a ń wí yìí. Ó ti fún wa ní àyè láti sọ ọ́.

Gangare ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ, ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí ìlú rẹ̀, kò sì sùn nínú rẹ̀ ju Kérésìmesì mélòó kan lọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bámidélé ni ó gbé òkú náà lọ sílé. Ó wí fún wa pé, "Sẹ́kítírì, ọjọ́ náà ni orúkọ mi ṣẹ. Mo bá a dé ilé." Ṣùgbọ́n ní ibi ìsìnkú náà, ará Jos ni gbogbo ẹbí ń pè é. "Ẹ wá àga fún ará Jos. Ẹ bu omi tútù fún ará Jos." Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, kò sì bínú sí wọn, ó kàn ṣàkíyèsí pé àlejò ni à ń wá àga fún. Ọmọ ilé a máa wá àga fúnra rẹ̀.

Ó padà sí Jos. Nígbà tí ó yá, ọmọkùnrin rẹ̀ àkọ́bí ń wá àyè sí ilé ìwé, ọ́fíìsì kan sì béèrè ìwé ẹ̀rí pé ọmọ onílẹ̀ ni. Ó ní níhìn-ín ni a bí ọmọ náà sí, níhìn-ín ni a bí òun pàápàá sí. Akọ̀wé ibẹ̀ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni a béèrè. Kí ó lọ gba ìwé náà ní ìlú bàbá rẹ̀. Ó rin ìrìn àjò náà. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, a bi í pé ta ni ó mọ̀ ọ́n. Àgbà méjì ni ó ní láti wá láti agbo ilé wọn, tí wọn yóò jẹ́rìí pé òun ni ọmọ ọkùnrin tí wọ́n sin ní ọdún kejì sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àfọwọ́fà akọ̀wé kan. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ 318, sọ bí a ṣe ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn àgbà, jẹ́ ara àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà. Ìran ni òfin ń wò. Bí ènìyàn ti pẹ́ tó ní ibì kan, bí ó ti san owó orí tó níbẹ̀, iye òkú tí ó ti sin síbẹ̀, òfin kò kà á.

Èdè Yorùbá ń kọ́? Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nìyí nígbà tí a jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ wa pọ̀ tí ó ń sọ nípa ìran: ẹbí, ìbátan, ọmọ ìyá, ọbàkan. Ará kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn pátápátá. Lóòótọ́ a máa ń lò ó fún ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́: ará ilé, ará oko, ará àdúgbò, ará ìlú, ará òkè, ará ọ̀run pàápàá. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè, kì í béèrè bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí Bámidélé pè é ní ará Jos, wọn kò bú u, òtítọ́ èdè ni wọ́n sọ. Ará Jos ni. Jos nìkan ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a kò lè gbà pẹ̀lú arákùnrin wa pé dídùn etí nìkan ni ó mú orúkọ yìí wá. Lóòótọ́ ó dùn, a kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ó kúrú, ó mọ́ létí; lẹ́tà méje péré ni. Ó sinmi fún akọ̀wé bíi tiwa, nítorí pé láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ òbí ti ń mú orúkọ wá tí ó gùn bí rélùwéè, Mofìyìnfólúwa, Tolúwanimí, Olúwadámilọ́lá, tí àyè inú ìwé ìsàmì kò gbà mọ́, tí ìdajì rẹ̀ ń wọ ibi tí a ń kọ ọjọ́ ìbí sí. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀, Ayọ̀midé, Ọlámidé, Olúmidé, ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ kò pọ̀. Nínú ìwé wa, òun ni àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ kan sì wà láàárín wọn tí ó yẹ kí a wò. Ayọ̀ lè dé, ọlá lè dé, kí ilé sì wà láìsí ẹnìkan tí ó kan ilẹ̀kùn. Arámidé ní tirẹ̀, ènìyàn ni ó wọlé.

Ohun mìíràn tún ni pé kò mú òrìṣà kan lọ́wọ́, kò sì mú orúkọ Olúwa. Èyí ni ó bí Màmá nínú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn Yorùbá tí wọ́n ń gbé Gangare kì í ṣe ti ìjọ wa nìkan. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí mọ́sálásí wà níbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú àwọn kan nínú wa. Orúkọ tí ìyá ìyá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí àti ìyá bàbá tí ó jẹ́ Kristẹni lè jọ pè láìsí ìjà, kò yẹ kí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ sì tètè rán wa létí akọrin obìnrin tí ó gbé orúkọ yìí jáde láìfi òmíràn kún un, Aramide. Èkó ni a bí i sí, ṣùgbọ́n Jos níhìn-ín ni ó ti dàgbà, Yunifásítì Jos ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìṣèlú. Ní 2018 ó gbé àkójọpọ̀ orin kan jáde, ó sì pè é ní Suitcase. A kò mọ orin ìgbàlódé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pé ẹni tiwa ti dé, tí ó wá fi àpótí ìrìn àjò sọ orin rẹ̀ lórúkọ, ó ní láti jẹ́ ọmọ Jos.

Ti pé orúkọ náà ṣàjèjì, ẹ jẹ́ kí a má tilẹ̀ jókòó tì í pẹ́. Àjàyí, tí àmútọ̀runwá rẹ̀ ń sọ pé ó dojú bolẹ̀ wá sí ayé, di Samuel Crowther ní Sàró ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni a fi sọ ọ́. Asano, tí ó di aya rẹ̀, di Susan. Ìgbà kan sì wà tí ó jẹ́ pé orúkọ Yorùbá gan-an ni ó ṣàjèjì nínú ìjọ. Nígbà tí David Brown Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní 1894 tí ó di Mojọlá Agbebi, ohun tí à ń sọ lórí rẹ̀ jìnnà réré. Gbogbo orúkọ ni ó ti jẹ́ tuntun rí.

Ẹ̀sùn kan wà tí a fi kan orúkọ náà tí a kò tíì rí ẹni tí ó fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwa gbọ́ ọ lọ́kàn ara wa. Bí Bámidélé bá sọ pé ìhín kọ́ ni ilé, ǹjẹ́ Arámidé kò sọ pé ìhín ti di ilé? Ẹni tí ó ń retí kí ará òun dé bá òun, ó ti jókòó. Kò múra ìrìn mọ́. Ṣé kì í ṣe pé a ń fi orúkọ dídùn bo ìgbàgbé mọ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, nítorí pé àwa náà ní àpò bíríkì mẹ́jọ ọgọ́rùn-ún nílé tí koríko ti bò.

Mósè, nígbà tí ó sá lọ sí Mídíánì tí ó sì bí ọmọkùnrin, Gerṣomu ni ó sọ ọ́, nítorí pé ó ka ara rẹ̀ sí àlejò ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Hausa pẹ̀lú a máa sọ ọmọ ní Baƙo, bí ó bá jẹ́ obìnrin wọ́n á ní Baƙuwa, èyí tí ó túmọ̀ sí àlejò. Orúkọ rere ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé ohun méjì ni ènìyàn lè sọ nípa ọmọ kan náà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé: kí a ní àlejò ni, tàbí kí a ní ẹni wa ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ pé gbogbo ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò ni ó jẹ́ ará wa. Ní ìlú yìí kọ́. A rí ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, 2001. Ní oṣù Kejì 2002, ọjà ńlá jóná, ọjà ìgbésí ayé àwọn kan nínú wa sì bá a lọ. A rí oṣù Kọkànlá 2008, a rí oṣù Kìn-ín-ní 2010. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n kó kúrò ní Gangare mọ ẹni tí ó na ìka sí ilé wọn, aládùúgbò ni. Àwọn kan tí wọ́n kù síbẹ̀ mọ ẹni tí ó fi aṣọ tirẹ̀ wọ̀ wọ́n tí ó sì mú wọn gba ẹ̀yìn ilé jáde. Aládùúgbò ni òun náà. Gbígbé pọ̀ kò tó láti sọ ènìyàn di ará. Ìran náà kò tó, bí ẹ bá bi Bámidélé.

Kí ni ó wá tó? A bi ìyá ọmọ náà nígbà tí a lọ tọrọ àforíjì fún àṣìpè wa. Kò bá wa jiyàn nípa òfin tàbí nípa èdè. Ohun tí ó sọ fún wa nìyí.

Nígbà tí ó bí ọmọ náà, kò sí ẹnìkan nínú ẹbí wọn nítòsí. Ìyá rẹ̀ kò lè rin ìrìn àjò nítorí ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọkọ rẹ̀ ń fọ aṣọ ọmọ ní òru, ó sì ń lọ sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà tí kò gbọ́ láti ìgbà pípẹ́. Màmá Hausa kan ni, tí ojú ilé wọn kọjú sí ara wọn ní Gangare nígbà tí òun tìkára rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé, kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí òdìkejì ìlú lẹ́yìn 2001. Obìnrin náà gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan ní ọjà pé ó ti bímọ. Ó gbé kúnú ẹ̀pà sínú kúlà, ó wọ kẹ̀kẹ́ méjì, ó sì wá sí àdúgbò tí irú wọn kì í sábà dé mọ́. Ó ti dàgbà, ó ń mí gúlegúle. Ó gbóná omi, ó wẹ ọmọ, ó tún ìyá ọmọ wẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ì bá ti wẹ̀ ẹ́, kò sì lọ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú.

Ìyá ọmọ wí pé, "Nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tí mo fi wí pé, ará mi dé. Ọkọ mi gbọ́ ọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, òun ni ó ní kí a fi sọ ọmọ."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, orúkọ náà kò sọ pé ará mi ni. Dé ni ó sọ. Nínú gbólóhùn kékeré yẹn, ẹni náà kò di ará nítorí bàbá rẹ̀, kò sì di ará nítorí ibi tí ó ń gbé. Ó wá ni. Ọmọ náà pẹ̀lú wá, láti ibi tí ó jìnnà ju gbogbo ibi lọ, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. A kò lè sọ fún yín èwo nínú àwọn méjèèjì ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. A bi ìyá ọmọ, ó ní kí ni àwa fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ ẹ́ nípa rẹ̀. A gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ náà ní Midé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ayọ̀midé àti Ọlámidé. Ayọ̀ bọ́ sọnù, ọlá bọ́ sọnù, ó ku "mi" àti "dé", ẹni kan kò sì mọ ohun tí ó dé mọ́. Nínú orúkọ tiwọn yìí, ará gan-an ni wọ́n ń sọ nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí àwa náà gbìyànjú láti mọ orúkọ pè.

A sọ ìtàn kúnú náà fún Màmá wa. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní orúkọ náà ṣì ń ṣe àwọn bákan létí, pé bí ó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ì bá fi Olúwa sí i. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n bi í pé kí ni oríkì rẹ̀, ìyá ọmọ sì wí pé àwọn kò tíì fún un ní ọ̀kan. Màmá ní, "Ẹ ò fún un ní oríkì? Àbẹ̀kẹ́ ni." Wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi wọ mọ́tò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ìwé ìsàmì wa ní àyè kan níbi tí a ń kọ ìlú ọmọ sí, a kò sì tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀ fún ọmọ yìí ní ọjọ́ ìsàmì. A bi àwọn òbí rẹ̀. Ìyá ọmọ ní kí a kọ Gangare. Bàbá ọmọ ronú díẹ̀, ó ní, "Sẹ́kítírì, ẹ kọ ìlú bàbá mi sí i. Ó lè di ọjọ́ kan kí wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀." Wọn kò jà, ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú wọn kò yí ohùn padà. Àyè náà kò tóbi. A fi lẹ́tà kéékèèké kọ méjèèjì, Gangare ní òkè, ìlú bàbá ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà a padà sí ibi tí orúkọ wà, a sì fi yíǹkì dúdú fi àmì sí orí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń mú ọmọ wá fún ìsàmì oṣù tí ń bọ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì fi í lé wa lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ tó kọjá.